Súwẹ́tà Cowichan: híhun wo là ń sọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo èsì tó wà nílẹ̀ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé kékeré kan nípa súwẹ́tà àwọn obìnrin Cowichan, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní erékùṣù Vancouver ní Kánádà. Ibi tó ti há kò ju gbólóhùn kan lọ: súwẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ hun, tí wọ́n sì fọwọ́ ran òwú rẹ̀ láti ara irun àgùntàn. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún irú híhun yìí, tí òyìnbó ń pè ní "knitting", àti fún irun náà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "híhun" ti tó. Ó ní a ń hun ẹní, a ń hun agbọ̀n, a ń hun aṣọ, kí ni ti súwẹ́tà fi yàtọ̀?

Lẹ́nu ọjà, ó tó. Nínú ìwé yìí, kò tó. Kí àwọn òyìnbó tó kọ́ wọn ní iṣẹ́ súwẹ́tà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin yìí ti ń hun kúbùsù lórí òfì, irun ewúrẹ́ orí òkè àti irun ajá ni wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ méjèèjì ló wà nínú ìwé náà. Bí a bá pe méjèèjì ní híhun lásán, òǹkàwé á gbà pé orí òfì ni súwẹ́tà ti wá.

Ẹni tó wà nídìí òfì á kọ́kọ́ ta òwú, á nà án gbọọrọ, kó tó máa ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Súwẹ́tà ò ní títa. Òwú kan náà ló ń ká kò tó ń di ojóbó, tí ojóbó tuntun ń gba inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ yọ. Ẹ wá orí òwú náà, ẹ fà á: apá súwẹ́tà á máa tú ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ títí yóò fi padà di òwú lọ́wọ́ yín. Ta ló dán irú ẹ̀ wò lára aṣọ òkè?

Ibi tí ẹnì kan nínú yín ti mú "àkójóbó" wá nìyẹn. Etí mi gbà á, ọrùn mi ló kọ̀: ojóbó la fi ń dẹ okùn fún ẹran, ta ni yóò kó o sọ́rùn? "Híhun ọlọ́pàá" tí ẹlòmíì dábàá, nítorí ọ̀pá tí wọ́n fi ń hun ún, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. "Onígi méjì" ò burú, àmọ́ yípo ni àwọn Cowichan ń hun ara súwẹ́tà, láìní ojúràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, igi wọn sì máa ń ju méjì lọ. Èmi fara mọ́ "híhun onígi", kí ti kúbùsù jẹ́ "híhun lófì". Ojóbó kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú, bíi ti àwọ̀n. Bó bá bọ́ lórí igi, ojú kan ti já.

Ẹni tó sọ pé òwú kò lè ti ara ẹran wá, ṣé ara igi ni òwú náílọ́ọ̀nù ti wá ni?

"Wúùlù" tí àwọn kan ní ká fi pe irun àgùntàn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wúùlù tí àwọn onídìrí ń tà nílé, ákírílíìkì, ìyẹn òwú àtọwọ́dá bíi ti náílọ́ọ̀nù, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ fi iná sí i: á yọ́, á sì di kókó líle. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Ti Cowichan tún ṣì ní ọ̀rá ara àgùntàn nínú, òjò kì í tètè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, "irun àgùntàn" ni kó wà níbẹ̀.

Àbúrò, má gbàgbé àmì ohùn: "fọwọ́ ran" ni, bí o bá kọ "fọwọ́ rán", o ti gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: "súwẹ́tà onígi, tí wọ́n hun láti inú òwú irun àgùntàn tí wọ́n fọwọ́ ran." Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.