Ọ́dítọ̀ ní fáníà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ká ṣe ìwádìí fún: ṣé ká tako ó?

Ẹ̀yin àgbà ẹnu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Búṣì irin ọkọ̀ la ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fáníà (vernier caliper, irinṣẹ́ ìwọ̀n) mẹ́ta tó jọra la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan la ṣe ìwádìí Gauge R&R fún, èyí tó ń fi hàn bí ìwọ̀n ṣe ń yàtọ̀ síra tó tí òṣìṣẹ́ bá yí padà tàbí tá a bá tún un wọ̀n: búṣì 10, òṣìṣẹ́ 3, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, àpapọ̀ ìwọ̀n 90; àṣìṣe rẹ̀ kò tó 10%. Ọ́dítọ̀ kọ ọ́ lábùkù. Bẹ́ẹ̀, “irú” ohun èlò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú control plan (ìwé ètò àyẹ̀wò ọjà) ni IATF 16949 (ìlànà ìdára fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀), ẹsẹ 7.1.5.1.1, sọ, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé “fáníà” lásán la kọ sínú control plan wa, a ò kọ bó ṣe gùn tó tàbí irú rẹ̀. Ẹ̀rí wo ló yẹ ká kó síwájú ọ́dítọ̀ tá a bá fẹ́ tako ó?