Òkè Ìdànrè fún ẹni tí orúnkún ń dùn: ìparí oṣù Kẹjọ ni àbí oṣù Kọkànlá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo fẹ́ mú màmá mi kúrò nínú ariwo Súrúlérè, ká lọ sinmi ní Ìdànrè. Obudu kọ́kọ́ wù wá, nítorí òtútù ibẹ̀, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ti jìn jù láti Èkó.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600. Gígun òkè náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, sísọ̀ kalẹ̀ ni, torí ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ìwúwo ara ń bọ́ sórí orúnkún. Bí òjò bá tún rọ̀, òkúta ibẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá. Mo ti ra ọ̀pá ìtilẹ̀ àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Aago méje àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kí òkúta tó gbóná.

Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ojú ọjọ́ á tutù, ṣùgbọ́n ìdáwọ́dúró yẹn máa ń hàn l'Ékòó ju apá Oǹdó lọ. Oṣù Kọkànlá gbẹ ní tirẹ̀, oòrùn sì le.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú àgbàlagbà gun òkè yẹn, èwo nínú àsìkò méjèèjì ló rọ orúnkún lọ́rùn jù? Ẹ ṣé o, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.