Báwo lẹ ṣe ń bá àgbàlagbà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ìtọ́jú tí wọ́n máa fẹ́ bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà, nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì jí pépé, irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ àti èyí tí wọn ò fẹ́ bí àìsàn bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Òfin Ìlera ọdún 2014 ti ní ká jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Òfin ò le. Ẹnu ló le.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lọ́dọ̀ màmá kan. Mo ní, "Màmá, bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ta lẹ fẹ́ kó gbẹnu sọ fún yín?" Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀: "Ṣé o ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dè mí ni?" Wọn ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn (iyán ni o, l'Ékìtì!). Ọmọ wọn pè láti Èkó, ó ní mo ń ṣépè fún ìyá òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ fi ń ṣí ọ̀rọ̀? Mò ń rò ó pé kí n kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe tọ́jú ìyá tiwọn. Ṣé kí ọmọ wà níbẹ̀ àbí kó má sí? Ẹ má fi ìwé òyìnbó ránṣẹ́ o, ó ti kún ọwọ́ mi. Èyí tó wà lédè wa ni mò ń wá.