Ọlọ́pàá ní sàlẹ́ńsà ọkọ̀ mi ń pariwo: ẹ bá mi dá sí i

Tíṣà Gáà-Àkàǹbí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkọ̀ tàbí nípa òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Gáà-Àkàǹbí ni mò ń gbé, Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń ṣíná, torí tí mo bá fi lè pẹ́, ọ̀nà Gánmọ á ti dí. Camry Big Daddy ti 2004 ni mò ń wà. Kò yọ mí lẹ́nu rí, àfi oṣù tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Tí mo bá ń gun òkè, màá tẹ iná títí ẹsẹ̀ mi á fi kan ilẹ̀, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ẹni tó ru yangan. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó ní kátálíìsì, ìyẹn ìkòkò irin tó ń sọ èéfín di mímọ́ lábẹ́ ọkọ̀, ló dí, pé epo tí kò dáa ló fà á. Ó gé e kúrò, ó jó páìpù gbọọrọ sí i, ó ní, "Tíṣà, ẹ ó wá gbádùn ọkọ̀ yín wàyí." Kátálíìsì tó gé yẹn, ó ní òun á bá mi wá ẹni tó máa rà á. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n ò rí kátálíìsì, n ò rí owó.

Lóòótọ́, ọkọ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo! Bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹ̀rọ ìlọta sí abẹ́ àga. Ìyàwó alájọgbé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà ò tíì pé ogójì ọjọ́. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, òun náà á ṣíná tirẹ̀. Bàbá ọmọ ò bá mi jà. Ó kàn ń kí mi, "Tíṣà, ẹ kúuṣẹ́ o," lọ́nà kan báyìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní báyìí, èmi àti ọmọkùnrin mi la jọ ń ti ọkọ̀ jáde dé etí títì kí n tó ṣíná. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, pẹ̀lú oorun lójú, tó ń ti Camry!

Ó wá ku ti ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n béèrè ìwé ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tẹ iná sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ lẹ gbé wá ni àbí jẹnẹrétọ̀?" Ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé kan, ó ní ọjọ́ méje lòun fún mi láti lọ tún un ṣe.

Ṣé òfin wà fún èyí ni? Ṣé dandan ni kí n ra kátálíìsì mìíràn, àbí sàlẹ́ńsà ni kí n lọ wò? Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ tó ń gbé Benz kọjá ní Fátè lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé sàlẹ́ńsà kó lè máa dún bí ìbọn. N ò tíì rí ẹni tó fún àwọn yẹn ní ọjọ́ méje.

Wẹ́dà Gáréèjì Ọ̀fà

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Kátálíìsì tí wọ́n gé nìkan kọ́ ló ń fa ariwo tó báyẹn. Ibi mẹ́ta ni èéfín máa ń gbà kọjá lábẹ́ ọkọ̀ yín. Kátálíìsì wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, ìkòkò kékeré kan wà láàárín, ìkòkò ńlá wà lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ìkòkò yìí kì í ṣe òfìfo. Ẹni tó bá ti la ọ̀kan rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ: yàrá-yàrá ni inú wọn, pẹ̀lú páìpù tí wọ́n lu ní ihò wínníwínní. Ibẹ̀ ni ìró ti máa ń kọ lu ara rẹ̀ títí tí agbára rẹ̀ á fi tán. Bí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà bá fi páìpù gbọọrọ rọ́pò ìkòkò àárín, ohun tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni ẹ ó máa gbọ́.

Ẹ ṣe èyí lọ́la kí ọkọ̀ tó gbóná. Ẹ ṣíná, kí ẹnì kan ká àkísà tó nípọn, kó fi dí ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ẹ tẹ́tí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "ṣìììì", ibẹ̀ ló ti lu. Ẹ wo páìpù tí wọ́n fi wáyà hun lára dáadáa, èyí tó máa ń mì tí ẹ́ńjìnnì bá mì. Kòtò ọ̀nà wa ló ń ya á.

Ẹ má fi jáfara o. Tó bá lu lábẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí, gáàsì olóró kan (carbon monoxide) wà nínú èéfín tó ń wọlé, kò ní òórùn, ojú ò sì rí i, bẹ́ẹ̀ ó ń pààyàn. Ẹ máa ṣí wíńdò títí ẹ ó fi tún un ṣe. Tí orí bá ń fọ́ yín tí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, kì í ṣe àwọn ọmọ SS2 nìkan ló fà á.

Ní ti kátálíìsì, ẹ lọ gba owó yín. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá a kiri káàkiri ọgbà mẹkáníìkì. Kò sí ẹni tó ń jù ú nù.

Ọmọ Fátè

Ẹ̀yin àgbà ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Owó ni mo fi ṣe ohùn ọkọ̀ mi. Ẹni tó bá gbọ́ mi lọ́ọ̀ọ́kán á kúrò lọ́nà, ọlọ́kadà ò ní já lù mí. Ọkọ̀ tó dákẹ́ ló ń pààyàn.

Ìyá Rúkáyà, Tánkè

Ọmọ Fátè, ta ló wà lójú ọ̀nà láago kan òru tí o fẹ́ kó kúrò? Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ ti máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó kọjá. Ìgò mílíìkì á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ, bàbá mi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú á dìde jókòó, á ní, "Kí ló bú?" Àárọ̀ ló máa tó tún sùn.

Ìwọ náà, Tíṣà, má bínú sí mi. O ní ti ìwọ bàjẹ́ ni, tiwọn ìgbéraga ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ yẹn, ṣé ó mọ̀ bóyá ìṣẹ́ ló jí òun ni àbí fáàrí? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n dá ọlọ́pàá tó bá ọ wí lẹ́bi.

Mo Ti Fẹ̀yìntì

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọkọ̀ wò, kí n tó fẹ̀yìntì. Òfin wà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo jáde ní 2009, lábẹ́ NESREA, àjọ tó ń bójú tó òfin àyíká. Fún ilé gbígbé, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 50 ni lọ́sàn-án, 35 ni lóru, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀ ni òru lójú ìlànà yẹn, nítorí náà aago márùn-ún àbọ̀ yín, Tíṣà, òru ni. Kí ẹ má sì rò pé ìyàtọ̀ 35 sí 45 kéré. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bá fi 10 lé, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Àdúgbò ni wọ́n ń fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn wò, kì í ṣe ẹnu sàlẹ́ńsà. Ẹ má sì fi èyí tó wà lórí fóònù ṣe ẹ̀rí, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ jáde kí wọ́n tó mọ ọkọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti lu. Àwa máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ò dá ṣáká, kò yẹ lójú títì, ì báà jẹ́ ti tíṣà, ì báà jẹ́ ti ọmọ Benz.

Ọlọ́fà ní Jámánì

Níbí, nọ́ńbà ariwo ọkọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ máa yára yí nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ọlọ́pàá á gbé ẹ̀rọ sí ìdajì mítà sí ẹnu sàlẹ́ńsà, á dà á ní igun dígírì 45, á ní kí o tẹ iná. Tó bá fi púpọ̀ ju ti ìwé lọ, wọ́n lè ní kí o má wà á kúrò níbẹ̀. Kò sí pé "etí mi ló dùn" tàbí "ojú rẹ ni mò ń wò". Ìyẹn ni mo rò pé ó ṣẹ́ kù fún wa nílé, nítorí etí ọlọ́pàá méjì kì í gbọ́ bákan náà.

Tíṣà Gáà-Àkàǹbí

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Rúkáyà, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, àmọ́ mo gbà á.

Mo ṣe ti àkísà lánàá. Ọmọkùnrin mi ló di ẹnu sàlẹ́ńsà mú, ó ní ó dà bí ẹni fọwọ́ dí ẹnu àgbà. "Ṣìììì" náà jáde ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o, lábẹ́ àga èrò gan-an. Ìkòkò àárín ò sí níbẹ̀ mọ́, bí Wẹ́dà ṣe wí. Orí sì ti ń fọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé àìsùn ni.

Mo pe mẹkáníìkì nípa kátálíìsì. Ó ní òun wà nílé òkú, òun á pè mí padà. Òkú yẹn ti pẹ́.

Ọjọ́ kẹfà nìyí nínú méje. Wẹ́dà, ṣé ẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Kí n máa gbé e bọ̀ ní aago mélòó? Màá tì í jáde kí n tó ṣíná.