Báwo ni kí n ṣe sọ èrò mi fún ọ̀rẹ́ mi nípa àwo orin rọ́ọ̀kì tí kò tíì gbé jáde?

Ará Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olórin àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní FUTA, yunifásítì tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí ó ń gbé ní Alágbàká báyìí, ti ṣe àwo orin rọ́ọ̀kì kan tí orin mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Kò tíì gbé e jáde. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì ní kí n sọ tinú mi láìfi bò, nítorí pé àwọn tí ó ti fi ránṣẹ́ sí ṣáájú mi kàn ń fi àwòrán iná àti àtẹ́wọ́ dá a lóhùn ni.

Mo ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé lórí jìtá, orin kejì àti ìkeje sì wọ̀ mí lára gidigidi. Àmọ́ nínú orin kẹta, jìtá bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé n kò mọ ohun tí ó ń sọ títí ó fi kọ ọ̀rọ̀ orin náà ránṣẹ́ sí mi. Orin karùn-ún gùn jù: lẹ́yìn tí ègbè bá ti wáyé lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tuntun mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń bá a lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú orin kẹfà, níbi tí gbogbo ohun èlò ti dákẹ́ kí ohùn rẹ̀ nìkan lè jáde, ìró jẹnẹrétọ̀ kan ń kùn lábẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó tún ń dà mí láàmú ni pé owó alájẹṣẹ́kù ni ó yá san fún sitúdíò. Bí mo bá sọ gbogbo èyí, mo lè bà á nínú jẹ́. Bí n kò bá sì sọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò sọ ọ́ fún un ní gbangba. Báwo ni ẹ̀yin ì bá ṣe gbé e kalẹ̀, kí sì ni ẹ̀yin ì bá fi sílẹ̀ láìsọ?

Onísitúdíò Àkúrẹ́

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ bi í pé ibo ni iṣẹ́ náà dé. Bí wọn kò bá tíì ṣe mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn sí ìró gbogbo àwo kí a tó gbé e jáde, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni a ṣì lè tún ṣe. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, tí owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa gígùn orin ṣì wúlò, nítorí pé gígé kò gba owó púpọ̀; ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa sọ fún un nígbà náà pé kí ó tún ìlù jáàsì lù láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, ìyà ni.

Ọ̀rọ̀ jìtá tí ó bo ohùn kò fi hàn pé ọ̀rẹ́ yín kò mọ orin kọ. Jìtá tí a fi distortion sí, ìyẹn tí a mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìró rẹ̀ máa ha, máa ń kún agbègbè kan náà tí etí wa fi ń dá ọ̀rọ̀ ẹnu mọ̀, ìyẹn láàárín nǹkan bí 2,000 sí 4,000 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ sókè, jìtá náà yóò ṣì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Onísitúdíò tí ó mọṣẹ́ á dín jìtá kù díẹ̀ ní agbègbè yẹn nìkan, á sì ti jìtá kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, kí àyè lè wà láàárín fún ẹni tí ń kọrin. Ẹ sọ ọ́ fún un báyìí: "Nínú orin kẹta, láti ibi tí jìtá kejì ti wọlé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ mọ́." Ó lè gbé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹni tí ó bá a ṣe é, wọ́n á sì mọ ibi tí wọn yóò fọwọ́ kàn. "Ohùn rẹ kò jáde dáadáa" kò ní ibi tí ó lè gbé e lọ, àfi orí ibùsùn níbi tí yóò ti máa rò ó kiri.

Ẹ tún ṣọ́ra kí ó má jẹ́ pé ohùn gíga nìkan ni ẹ fi ń gbọ́ ọ. Láti 1933 ni àwọn onímọ̀ ìró méjì kan, Fletcher àti Munson, ti fi hàn pé nígbà tí ohùn bá kéré, etí wa kì í gbọ́ béèsì bí ó ti ń gbọ́ ìró àárín, ìdí sì nìyẹn tí orin tí a gbé sókè fi máa ń dùn ju bí ó ti rí gan-an lọ. Ẹ gbọ́ ọ ní ohùn kékeré, kí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù lásán, kí ẹ sì gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó lè pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ, ẹ sọ fún un pé Spotify máa ń mú orin sún mọ́ -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó); èyí tí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fà wálẹ̀, tí ìlù tí a ti tẹ̀ pa kò sì ní jí padà.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ó bá jẹ́ ìró iná tí ó gba inú wáyà wọlé, 50 Hz àti àwọn ìlọ́po rẹ̀ ni yóò jẹ́, a sì lè gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí máìkì gbọ́ láti ẹ̀yìn fèrèsé, ó sàn kí ó tún ibi kékeré yẹn kọ lóru, nígbà tí àdúgbò bá ti pa tiwọn.

Ọmọ Onírọ́ọ̀kì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá olùbéèrè jiyàn díẹ̀ lórí orin karùn-ún. Àwa tí a dàgbà sínú jùjú àti fújì, níbi tí odidi ojú kan àwo ti lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, kọ́ ni ó yẹ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta máa bà lẹ́rù. Rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Èkó ni àwọn ẹgbẹ́ olórin Ofege nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ BLO sì ti gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973, tí jìtá Berkley Ike Jones ń rìn bí ó ti wù ú lórí jáàsì Laolu Akins.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ yẹ ara yín wò: ṣé orin náà ni ó dúró sójú kan, tàbí ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ràn kí jìtá máa sọ̀rọ̀ pẹ́? Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ sọ fún un pé bí ó ṣe rí létí tiyín nìyẹn. Ẹni tí ó ń ṣe rọ́ọ̀kì ní Àkúrẹ́ ti gbọ́ "kí ló dé tí o kò ṣe Afrobeats" tó. Ẹ má fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbé e wọlé fún un.

Ará Ọ̀bà-Ilé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti bi í: mixing, ìyẹn pípa ohùn àti ohun èlò pọ̀, ti parí, wọn kò tíì fọwọ́ kan mastering. Mo sì tún orin karùn-ún gbọ́. Jìtá kò jẹ̀bi. Jáàsì ni ó ń lu ohun kan náà láìyí padà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó jẹ́ kí ó sú mi nìyẹn.

Ó ku ohun kan tí n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Yorùbá ni ó fi kọ mẹ́rin nínú àwọn orin náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti hàn ketekete pàápàá, nǹkan mìíràn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Bàbá Akọrin, Oǹdó

Àbúrò mi, èyí ni kí o kọ́kọ́ sọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn kò ní bá a sọ ọ́. Onísitúdíò á gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ tí ó yí kò kàn án. Ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, ẹni tí ó sì kọ orin ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, kò lè ṣì í gbọ́ láéláé.

Wàhálà yìí ti pẹ́ láàárín wa. Nígbà tí àwọn ìjọ kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń kọ ohun tí kò nítumọ̀ pẹ̀lú ìfọkànsìn. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914, wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Rọ́ọ̀kì ń bá ohun kan náà jìjàkadì, nítorí pé orí jìtá ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ rí ohùn orin kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi dí i.

Má dá orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Mú ìlà tí ó gbé orin kọ̀ọ̀kan ró, èyí tí àwọn ènìyàn yóò máa gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní kí ó sọ ìlà náà jáde lẹ́nu lásán bí ẹni tí ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba, kí ó wá kọ ọ́ lórin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Etí òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú un níbi tí ó ti yí. Nígbà mìíràn, ohùn kan tàbí méjì ni ó fẹ́ yí padà, jìtá sì lè di ohùn ti tẹ́lẹ̀ mú ní tirẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, kí ó pariwo ọ̀rọ̀ náà láìkọ ọ́ lórin. Rọ́ọ̀kì gba ìyẹn láàyè ju orin ìjọ tiwa lọ.

Má ṣe é lórí WhatsApp o. Lọ bá a nílé nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú orin kejì àti ìkeje dára, kí o sì sọ ọ́ kúnnákúnná, torí pé ó nílò láti mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá, jìtá inú orin kẹta àti jẹnẹrétọ̀. Jáàsì orin karùn-ún, bi í léèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ owó alájẹṣẹ́kù, bí òun kò bá dá a sílẹ̀, ìwọ náà má dá a sílẹ̀.