Àpótí nọ́ńbà àjọ: kí ló dé tí 7 bá ti jáde, 4 ló máa ń tẹ̀lé e?

Tanke_Soldering

Asalaamu alaikum ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti fẹ́ kó mi nítìjú lójú àwọn ìyá.

Ẹgbẹ́ àjọ kan wà ní Ìpàta tí ìyá mi wà nínú ẹ̀, àwọn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun ni wọ́n máa ń fa wàhálà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ kó àti ẹni tó máa kó kẹ́yìn, wọ́n á ní ẹni tó ká pépà ti mọ èyí tó sàmì sí. Ni mo bá ní kí n ṣe àpótí kékeré kan fún wọn, bọ́tìnnì kan lórí ẹ̀, ojú nọ́ńbà méjì tó ń tan iná pupa, Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré téèyàn ń kọ kóòdù sí) nínú, bátìrì lábẹ́ kó má di pé wọ́n ń dúró de iná. Ìyá tó bá kàn á tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 24 á jáde, ipò tó máa kó nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ random ẹ̀ (ohun tó ń mú nọ́ńbà tẹ́nì kan ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀) fúnra mi, èyí tí wọ́n ń fi shift register ṣe, ìyẹn ìlà bíìtì (0 àti 1) tí wọ́n ń sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, LFSR ni wọ́n ń pè é. Kóòdù ẹ̀ rèé, kò pọ̀ rárá:

uint8_t s = 0xA0;
s = s & 1 ? s >> 1 ^ 0xB8 : s >> 1;
num = s % 24 + 1;

Ìlà kejì àti ìkẹta ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ohun tó gbé jáde níwájú wọn rèé: 9, 17, 21, 11, 6, 19, 22, 7, 4, 14, 7, 4. Ẹ má tíì dá mi lóhùn lórí pé 7 àti 4 jáde lẹ́ẹ̀mejì o, ìyẹn mo mọ bí mo ṣe máa dí i. Alhaja kan tó ń ta ata gígún ló kàn wò ó, ó ní "21 di 11, 11 di 6, 7 di 4, 7 tún di 4, ṣé ẹ̀rọ yín ò mọ̀ ju kó pín nǹkan sí méjì ni?" Èmi tí mo kọ kóòdù ò rí i! Wọ́n wá ní ká pa á ká tún tàn án, 9 ló tún kọ́kọ́ jáde. Iye ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án, 9 náà ni. Kí ni kí n ṣe sí i?

OmoOffa_C

Wa alaikum salaam. Alhaja yẹn ti yanjú ẹ̀ tán jàre, ẹ bá mi kí i.

Ẹ wo ohun tí ìlà kejì yẹn ń ṣe. Ó ń sún gbogbo bíìtì sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, pípín sí méjì náà sì nìyẹn. Tí bíìtì tó jábọ́ lápá ọ̀tún bá jẹ́ 0, kò sí nǹkan míì tó ṣẹlẹ̀, àbọ̀ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù. Àfi tó bá jẹ́ 1 ni XOR (fífi bíìtì wé ara wọn ní méjì méjì: 1 tí wọ́n bá yàtọ̀, 0 tí wọ́n bá jọra) pẹ̀lú 0xB8 á tó wọlé tí á sì da gbogbo ẹ̀ rú. Ẹ tẹ̀ lé s yín láti ìbẹ̀rẹ̀ (0xA0 tẹ́ ẹ kọ yẹn ni 160): 160, 80, 40, 20, 10, 5, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fò lọ sí 186, 93, 150, 75, 157, 246, 123. Láti 160 dé 5 yẹn, ọmọ praimárì lè sọ èyí tó kàn. % 24 tẹ́ ẹ fi bò ó (ìyẹn ohun tó kù tẹ́ ẹ bá fi 24 pín in) kàn fi í pamọ́ díẹ̀ ni, torí àbọ̀ náà ló ṣì ń jáde, tàbí àbọ̀ tí wọ́n fi 12 kún.

Kì í ṣe pé LFSR yín bàjẹ́ o, 0xB8 yẹn dáa, ó ń rin gbogbo 255 kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á ni wàhálà. Bíìtì kan ṣoṣo ni nǹkan tuntun tó ń wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá sún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin wá ń ka gbogbo bíìtì 8 bí ẹni pé gbogbo wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ sún un lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó kà á lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ò tiẹ̀ ní dúró lórí bíìtì 8. Ẹ gbé e lọ sí 16, mask ẹ̀ (nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń ṣe XOR) ni 0xB400, 65535 ló máa rìn kó tó tún ara ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sì máa sún un nígbà 16 láàárín nọ́ńbà kan sí ìkejì. Ẹ má sọ pé bíìtì 5 ló tó fún 24 kẹ́ ẹ wá máa sún un ní márùn-ún márùn-ún o, torí 65535 ṣeé pín sí 5 láìkù, 13107 péré lẹ máa rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara ẹ̀ ṣe. 16 ò ní wàhálà yẹn.

% 24 náà, ẹ yọ ọ́. 255 ò pín dọ́gba fún 24, tẹ́ ẹ bá kà á yípo tán, 2 títí dé 16 jáde nígbà mọ́kànlá mọ́kànlá, 1 àti 17 títí dé 24 nígbà mẹ́wàá mẹ́wàá. Nínú ọ̀rọ̀ owó, ẹ má fún wọn ní ìyẹn rí. Ẹ mú bíìtì 5 ìsàlẹ̀, 0 sí 31 nìyẹn, tó bá ju 23 lọ ẹ sọ ọ́ nù kẹ́ ẹ tún sún un, tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ fi 1 kún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí s di 0 láé. Bẹ́ ẹ bá sún 0 títí di ọ̀la, 0 náà ló máa wà.

AlfaSystem

Gbogbo àlàyé yìí! Ṣebí random wà nínú Arduino, ẹ pè é kẹ́ ẹ sinmi.

OmoOffa_C

Alfa, 9 yẹn ò ní kúrò bẹ́ẹ̀. random Arduino náà, tẹ́ ò bá pe randomSeed kẹ́ ẹ fún un níbi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló máa tò jáde nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tàn án. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ fi analogRead ka pin (ojú ibi tí wọ́n ń so wáyà mọ́ lára Uno) tí ò so mọ́ nǹkan kan, ìyẹn ò lè fún yín ju 0 sí 1023 lọ, lọ́pọ̀ ìgbà gan-an kì í kúrò láàárín nọ́ńbà bíi mélòó kan.

Ohun tí màá ṣe nìyí: kí s máa yí nínú lúùpù láìdúró níwọ̀n ìgbà tẹ́nì kankan ò tíì tẹ bọ́tìnnì. Uno á ti rin gbogbo 65535 yẹn tán kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìka èèyàn ò yára tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi tó wù ú. Ìgbà yẹn s lè bẹ̀rẹ̀ láti 1, kò ní ṣe nǹkan kan.

Omo_OmuAran

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan wà tó rọrùn jùyẹn o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹ lo LFSR oní-bíìtì 5, mask ẹ̀ 0x14. Ó máa kan 1 dé 31 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní tún èyíkéyìí pè kó tó yípo tán. Ẹ kàn máa fo èyí tó bá ju 24 lọ. Ohun tí mo rí rèé:

1, 20, 10, 5, 22, 11, 17, 14, 7, 23, 24, 12, 6, 3, 21, 15, 19, 13, 18, 9, 16, 8, 4, 2

Gbogbo mẹ́rìnlélógún pé, kò sí èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò nílò láti máa tọ́jú èyí tó ti jáde sínú array (àkójọ nọ́ńbà inú kóòdù) kankan!

OmoOffa_C

Àbúrò, o káre, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ìyẹn. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń fi irú ẹ̀ tan àmì ojú skrín lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ẹ̀ á fi kún láìtún kan èyí tí wọ́n ti kàn, ó dùn-ún wò gan-an. Àmọ́ fún àjọ, kò dáa. Ẹ wo ìparí ẹ̀: 16, 8, 4, 2, tó bá tún yí, 1. Ìlà kan ṣoṣo ni, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Ìyá tó bá ti mú 20, ó ti mọ̀ pé 10 ni ẹni tó wà lẹ́yìn òun máa mú, lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú oṣù kejì ni Alhaja aláta á ti kọ ọ́ sórí pátákó.

Ẹ lo array yẹn. Ẹ to 1 dé 24 sínú ẹ̀, ẹ mú ipò kan láàárín àwọn tó kù, ẹ gbé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ fi èyí tó wà nídìí array dí àlàfo ẹ̀, àwọn tó kù á wá dín kan. Bíìtì 5 yẹn náà lẹ máa lò, 23 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ nǹkan nù ló máa di iye tó kù dín kan. Tó bá ku méjì mẹ́ta, á máa sọ púpọ̀ nù, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ nù, Uno ò ní rẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ rò. Ọ̀nà tí èèyàn mẹ́rìnlélógún lè gbà tò ju 6 tí òdo 23 tẹ̀ lé lọ. LFSR oní-bíìtì 16 tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó to gbogbo wọn lẹ́sẹ̀ kan náà, kò lè ju ọ̀nà 65535 lọ láéláé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa yí i láàárín ìyá kan sí ìkejì nìyẹn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù tẹ tiẹ̀.

BabaSango

Ẹ̀yin ọmọdé òní. Pépà mẹ́rìnlélógún nínú igbá, ẹ ká a, ẹ mì í, ó parí. Ẹ wá ń sún bíìtì kiri. Irú nǹkan yìí ṣé wọ́n ṣì ń lò ó ni àbí ti ayé àtijọ́ ni?

Tanke_Soldering

Baba, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣebí pépà yẹn gan-an ló ń fa ìjà. Wọ́n ní wọ́n máa ń ká ti ẹnì kan nípọn kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n nínú igbá, ẹlòmíì ní wọ́n fi yìnyín sí èyí tí wọ́n fẹ́ mú kó lè tutù lọ́wọ́. Yìnyín o! Ní Ìpàta! Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó lè ro ìyẹn, àpótí ló máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

OmoOffa_C

Baba, wọ́n ń lò ó o. GPS tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù yín, LFSR méjì oní-bíìtì 10 ni satẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe kóòdù C/A (àmì tí fóònù fi ń dá satẹ́láìtì náà mọ̀) tó ń fi ránṣẹ́, wọ́n á da àbájáde méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú XOR, bíìtì 1023 ni, gbogbo ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Láti Sango dé Òmù-Àrán, òun lẹ ń tẹ̀ lé.

AlfaSystem

Ó yé mi báyìí. Ìbéèrè kan péré: ọmọkùnrin kan tó gbọ́n tó sì mọ kóòdù yìí, tó bá rí nọ́ńbà bíi mẹ́fà tó ti jáde, ṣé kò lè mọ ìkeje?

OmoOffa_C

Tí àpótí ò bá yí láàárín, ó lè mọ̀ ọ́n. 65535 kò pọ̀ rárá, fóònù á dán gbogbo ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Kódà tí ò mọ mask, ìṣirò Berlekamp-Massey wà, bíìtì 32 tó tẹ̀ léra ti tó láti tú LFSR oní-bíìtì 16 délẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ṣe password, ẹ má fi ṣe nǹkan báńkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó rin jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kóòdù ẹ̀ ò sì gùn, xorshift wà, ti Marsaglia ní 2003, ti bíìtì 32 ń sún 13 sósì, 17 sọ́tùn-ún, 5 sósì, XOR lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà kì í ṣe fún àṣírí o. Ṣùgbọ́n nínú àpótí yìí, ìka àwọn ìyá ló ń dá ibi tí s máa dúró, ẹni tó fẹ́ ṣe àrékérekè á ní láti mọ àkókò tí ìka kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sílẹ̀.

Tanke_Soldering

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo kọ́kọ́ ní kó máa kà á láti 1 títí tó fi máa padà sí 1. Lórí láptọ́ọ̀pù ó fún mi ní 65535 gẹ́lẹ́. Mo gbé kóòdù kan náà, mi ò yí lẹ́tà kan padà, sínú Uno, kò pé 65535, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ìlà tó wà níbẹ̀:

int s = 1;
s = s & 1 ? s >> 1 ^ 0xB400 : s >> 1;

OmoOffa_C

int yẹn ni, irú nọ́ńbà tó lè wà lábẹ́ òdo. Lórí láptọ́ọ̀pù bíìtì 32 ni int, s yín ò dé òkè ibi tí àmì òdì wà. Lórí Uno bíìtì 16 ni int, bíìtì òkè pátápátá ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé nọ́ńbà wà lábẹ́ òdo. Tẹ́ ẹ bá sún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tùn-ún, kì í fi 0 dí òkè, 1 ló máa ń fi dí i kí òdì má bàa sọnù, ìyípo yín á sì já sí ọ̀nà míì tó kúrú. uint16_t lẹ máa kọ, bíìtì 16 tí kì í gba òdì. Ẹ má lo char (irú nọ́ńbà oní-bíìtì 8) náà níbì kan, lórí Uno òun náà ń gba òdì. Àbúrò Òmù-Àrán, tó bá jẹ́ Java lò ń kọ, >>> ni kó o lò, má lo >>.

Tanke_Soldering

65535! Ó ti pé lórí Uno. Àmọ́ nígbà míì tí mo bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà méjì ló ń jáde, àkọ́kọ́ á kàn ṣẹ́jú báyìí, ìkejì á dúró.

OmoOffa_C

Irin inú bọ́tìnnì ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kó tó fara balẹ̀, Uno wá ń kà á bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti rí i pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó mú nọ́ńbà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó wá dúró fún nǹkan bí 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kó sì rí i pé wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò kó tó gba títẹ̀ míì. Ẹ jẹ́ kí s ṣì máa yí ní gbogbo àkókò tó ń dúró yẹn.