Mo fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù irun mi, ẹ bá mi dá sí i

Onídìrí Peckham
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti àwọn àǹtí méjì la jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní àwọn fẹ́ fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan sọ́dọ̀ mi kó wá kọ́ṣẹ́ irun (apprenticeship), Level 2, ìyẹn ìpele kejì. Ní Ìbàdàn tí èmi ti kọ́ṣẹ́, ìyá mi ló sanwó fún ọ̀gá. Mo gbálẹ̀, mo fọ táwẹ́lì, mo pọn ọmọ ọ̀gá, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Kí ló yẹ kí n ṣe fún ọmọ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn, tàbí ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ níbí.

Bàbá Wáyà, Leeds
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Iṣẹ́ iná ni tèmi, ọmọ iṣẹ́ kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé òṣìṣẹ́ lọmọ yẹn. Ìwọ lo máa sanwó fún un, ó sì ní ìsinmi tí wàá sanwó lé lórí bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé láti oṣù Kẹrin 2024, ní England, bí ọmọ kò bá tíì pé 22 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ rẹ kò sì sí lára àwọn tó ń san levy (owó ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá), ìjọba ló ń san gbogbo owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Levy ọ̀hún kò kàn wá, àwọn tí owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn ju mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn lọ́dún ló wà fún. Nítorí pé ọmọ ọdún 17 ni, £1,000 tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún ìwọ agbanisíṣẹ́: ìdajì lẹ́yìn ọjọ́ 90, ìdajì lẹ́yìn ọjọ́ 365. Ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa ń gbà dé. Má ná an kó tó dé o.

Akọ̀wé Owó Oṣù, Milton Keynes
Ẹ jẹ́ kí n fi ti payslip kún un, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà. Láti oṣù Kẹrin 2025 títí di oṣù Kẹta 2026, owó tó kéré jù fún ọmọ iṣẹ́ jẹ́ £7.55 ní wákàtí kan, wọ́n sì máa ń yí i pa dà ní oṣù Kẹrin ọdọọdún. Ẹ máa yẹ GOV.UK, ìkànnì ìjọba, wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ti pé ọdún 19, tó sì ti lo ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, owó ọmọ iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Owó ọjọ́ orí rẹ̀ ló kù. Lọ́dún 2025 yẹn, £10 ni fún ẹni ọdún 18 sí 20. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń gbàgbé ọjọ́ yìí, ọmọ náà kì í gbàgbé.

Ẹ fi lẹ́tà H sí National Insurance rẹ̀ (owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó oṣù). Ìyẹn ni ti ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún 25, ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ kò ní san National Insurance lórí owó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Birmingham
Ẹ ti sọ ti owó dáadáa. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni mò ń bójú tó, a sì máa ń gba àwọn ọmọ iṣẹ́. Ní tèmi o, àìrẹ́ni dúró tì wọ́n ló ń lé wọn lọ ju owó lọ. Lónìí, àǹtí kan á ní kó ṣe é báyìí. Lọ́la, àǹtí kejì á bi í pé ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn? Ọmọ á wá di ẹni tó ń wo ojú kó tó wo iṣẹ́.

Nínú àwọn àǹtí méjì tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ yan ẹnì kan tó máa jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Ẹ má yan ara yín, ọ̀gá kì í ráyè. Ẹ fún ẹni náà ní ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ tí òun àti ọmọ á fi jókòó láìsí oníbàárà nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àpọ́íńmẹ́ǹtì bíi pé oníbàárà ló gbà á. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ máa ṣe é nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ kò ní ṣe é.

Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan wà lọ́dọ̀ wa tí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi sínú àpótí rẹ̀. Ó fa ìlà sí i: “mo wò ó”, “èmi àti ẹnì kan jọ ṣe é”, “èmi nìkan ṣe é”. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, á kọ ọjọ́ sábẹ́ ibi tó bọ́ sí, alábòójútó á fọwọ́ sí i. Bó bá ti pé oṣù méjì tí gbogbo ọjọ́ ṣì wà lábẹ́ “mo wò ó”, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá dé fún ìpàdé tí ẹ̀yin, ọmọ àti àwọn jọ máa ń ṣe (wọ́n máa ń wá bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta), ìwé yẹn lẹ máa ṣí síwájú wọn.

Ọjọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Inú wákàtí tẹ́ ẹ ń sanwó lé lórí ni ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà. Bí èrò bá pọ̀ nítorí Kérésì tẹ́ ẹ ní kó máa bọ̀, gbèsè ni, ẹ gbọ́dọ̀ dá wákàtí náà pa dà fún un.

Àgbà Ìjẹ̀bú, Croydon
Hmm. Ẹ fẹ́ máa gbé ọmọ bí ẹyin. Ilẹ̀ gbígbá wo ló pa èèyàn rí? Iṣẹ́ aṣọ ni mo kọ́ kí n tó wá síbí. Nígbà tí mò ń gbálẹ̀, etí mi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo gbọ́ bó ṣe ń ná owó, mo gbọ́ bó ṣe ń tu oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tètè yá lójú. Ọjọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló ń kọ́ ìyẹn?

Ọmọ Iṣẹ́ Àná, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ti etí. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti gbálẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀gá gan-an. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ níbí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi mí sí, èmi àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí wọ́n bá pè mí jáde, kí n wá fọ irun ni. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni ọwọ́ mi fi wà nínú omi àti ṣampú, láìsí ìbọ̀wọ́. Àárín ìka mi pọ́n, ó là, bí ọṣẹ bá kàn án á máa ta mí. Mo rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Àǹtí, ẹ ra ìbọ̀wọ́ nitrile sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹ má ra ti latex torí ara àwọn míì kò gbà á. Kó máa nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa, kó sì fi ìpara sí i. Àrùn awọ ọwọ́ yìí ń lé ọ̀pọ̀ onídìrí kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi kejì tí mo lọ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ Tuesday tí èrò kì í pọ̀, ọ̀gá yẹn á pe oníbàárà tó gbà láti san díẹ̀. Òun á dúró níwájú, èmi á dúró lẹ́yìn orí. Á la ìlà kan, á ní kí n la èkejì. Bí tèmi bá wọ́, kò ní pariwo lójú oníbàárà, á kàn fi ẹ̀yìn kóòmù kan ọwọ́ mi, èmi náà á tú u, màá tún un là. Nígbà ìdánwò ìparí, èèyàn gidi ló jókòó lórí àga, kì í ṣe orí ọmọlángidi. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Onídìrí Peckham
Àbúrò, o ṣeun gan-an, pẹ̀lẹ́ ọwọ́. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Irun wa ni èmi ń ṣe jù, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní máa kọ́ ọ ní irun òyìnbó nìkan? Èkejì, ní Satide, a máa ń ṣí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mẹ́jọ alẹ́. Ṣé ó lè bá wa dé òpin?

Bàbá Wáyà, Leeds
Rárá o. Kò tíì pé 18. Wákàtí 8 lójúmọ́, 40 lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì wà nínú 40 yẹn. Bí iṣẹ́ bá ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Jẹ́ kó wọlé ní aago mẹ́sàn-án, kó sì lọ sílé ní márùn-ún ààbọ̀, ó pẹ́ tán. Pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ náà, sọ fún wọn pé ọmọ tí kò tíì pé 18 ń bọ̀.

Ọmọ Iṣẹ́ Àná, Manchester
Ti irun: lọ́dún 2021, wọ́n tún ìlànà iṣẹ́ irun kọ ní UK, wọ́n fi irun Áfíríkà àti irun tó ká pọ̀ mọ́ ohun tí gbogbo onírun gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé olùkọ́ wo ló máa kọ́ ọ, ṣé òun fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ kan irun wa? Kẹ́ ẹ má sì ṣe òdì kejì o. Bó bá jẹ́ irun dídì nìkan ló rí lọ́dọ̀ yín, kò ní lè gé irun kò sì ní lè kun irun nígbà ìdánwò. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù míì tó lè máa lọ fún ìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè bá yín ṣètò rẹ̀.

Ará Glasgow
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà ní Scotland bíi tèmi, ètò owó tí Bàbá Wáyà sọ kò kàn wá. Modern Apprenticeship, ètò ìkọ́ṣẹ́ ti Scotland, ni tiwa, ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó kéré jù àti lẹ́tà H yẹn bá ti England mu.

Àgbà Ìjẹ̀bú, Croydon
Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kó gbálẹ̀ náà.

Onídìrí Peckham
Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wa la jọ máa gbá a, èmi náà ń gbálẹ̀ 😂. Àǹtí tó kéré ló máa mójú tó o, ó ní sùúrù jù mí lọ. Ọjọ́ Monday ni mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ìwé ṣì kù díẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Akọ̀wé Owó Oṣù, Milton Keynes
Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kí ìwé tó jáde. Méjì ni: àdéhùn tí ẹ̀yin àti ọmọ máa fọwọ́ sí, àti ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin, ọmọ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ máa fọwọ́ sí. Láìsí àdéhùn yẹn, òṣìṣẹ́ lásán ni lójú òfin, ẹ kò sì ní lè fi owó ọmọ iṣẹ́ san án. Ẹ sún un sí Monday tó tẹ̀ lé e.

Onídìrí Peckham
Ó dáa, màá pe kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án yìí.